Ilé ẹ̀kọ́ charter ní Amẹ́ríkà: ṣé ó sàn ju ti àdúgbò lọ lóòótọ́?

Àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Houston, ní Maryland tàbí ní Brooklyn mọ ìbéèrè yìí bí ẹni mowó. Ọmọ fẹ́ bọ́ sí kíláàsì tuntun, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà nítòsí ilé, àmọ́ ará àdúgbò kan ní kí wọ́n yáa lọ gba fọ́ọ̀mù ní charter tó wà níwájú, pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń mọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Houston pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa ń ka gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Èwo ni kí n mú ọmọ yìí lọ?" Mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, n kò rí i ṣe. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí charter ti wà, ìwádìí lórí rẹ̀ sì ti pọ̀ débi pé ìdáhùn wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" sọ lórí fóònù.

Charter kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Owó ìjọba ló ń gbé e ró, wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí, bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi ìdánwò àṣewọlé ṣa ọmọ. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé àjọ ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò kọ́ ló ń darí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan, ẹgbẹ́ kan tàbí iléeṣẹ́ kan á lọ bá àwọn aláṣẹ tọwọ́ bọ̀wé pé: ẹ fún wa ní owó tó tọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká gba olùkọ́ bó ṣe wù wá, ká kọ́ wọn bó ṣe yé wa, bí àwọn ọmọ ò bá wá mọ̀wé láàárín ọdún mélòó kan, ẹ gba ilé ẹ̀kọ́ yín padà. Ìwé àdéhùn yẹn gan-an ló ń jẹ́ charter.

Àwọn àgbà tó mọ bí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá kí ìjọba tó gbà wọ́n ní àwọn ọdún 1970 á tètè lóye rẹ̀. Ìjọba ń fún àwọn Àǹglíkà, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì àti ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen lówó ìrànwọ́, àwọn ni wọ́n sì ń gba olùkọ́, tí wọ́n ń darí ilé ẹ̀kọ́. Ìyàtọ̀ tó tóbi ni pé wọn ò fàyè gba ẹ̀sìn nínú charter. Àwọn Kátólíìkì ní ìpínlẹ̀ Oklahoma gbìyànjú láti dá ọ̀kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà ní kò ṣeé ṣe, wọ́n sì gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn adájọ́ mẹ́rin wà ní apá kan, mẹ́rin ní apá kejì, ìdájọ́ ti Oklahoma sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn charter ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Albert Shanker, ààrẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ polongo rẹ̀, ní ọdún 1988. Èrò rẹ̀ ni pé kí wọ́n fún àwọn olùkọ́ láyè láti gbìyànjú nǹkan tuntun, kí ohun tí wọ́n bá rí tó ṣiṣẹ́ sì padà sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní 1991. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni City Academy ṣílẹ̀kùn ní ìlú St. Paul, fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Lónìí, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.7 ọmọ ló wà nínú charter tó sún mọ́ 8,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni kò sí nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ mọ́, ẹgbẹ́ tí Shanker darí sì ti wà lára àwọn tó ń ta ko bó ṣe ń gbilẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Shanker nípa ohun tó yẹ kó padà sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ẹni tó bá kàn kó máàkì charter, tó kó máàkì ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, tó fi wọ́n wé ara wọn, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìyá tó jí ní kùtùkùtù lọ gba fọ́ọ̀mù, tó ń ka déètì tí wọ́n máa ti í pa, tó tún máa ń fi mọ́tò gbé ọmọ kọjá ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta lójoojúmọ́, kì í ṣe irú ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tí iṣẹ́ òru kò fún láyè. Ọmọ tirẹ̀ lè mọ̀wé níbikíbi tó bá wà. Bí charter bá wá gba oríyìn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìyá ló yẹ kí wọ́n kí. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni àwọn olùwádìí ń gbà láti ya iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ilé.

Ọ̀kan ni ti CREDO, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford. Fún ọmọ charter kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ọmọ tó jọ ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò: aláwọ̀ dúdú sí aláwọ̀ dúdú, ọmọ mẹ̀kúnnù sí ọmọ mẹ̀kúnnù, tí máàkì àwọn méjèèjì dọ́gba níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wá wo ẹni tó lọ síwájú jù lẹ́yìn ọdún kan. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2009, tó kárí ìpínlẹ̀ 16 pẹ̀lú Washington DC láàárín wọn, já àwọn tó ń polongo charter kulẹ̀ gidi: nínú ìṣirò, 17 péré nínú 100 charter ló ṣe dáadáa ju ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò lọ, 46 kò yàtọ̀, 37 sì burú jù ú lọ. Nígbà tó fi di 2013, charter ti bá ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò dọ́gba nínú ìṣirò, ó sì ti fi díẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé kíkà. Lára ohun tó fà á ni pé wọ́n ti ti àwọn kan tí kò dáa pa. Nínú ti 2023, tó wo àwọn ọdún tó ṣáájú Kòrónà ní agbègbè 31, ọmọ charter jèrè ohun tó tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ 16 ju ìkejì rẹ̀ lọ nínú ìwé kíkà lọ́dún kan, àti ọjọ́ 6 nínú ìṣirò.

Ọdún ẹ̀kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 180. Ọjọ́ 16 dára, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ kó kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n àròpín ni èyí, àròpín sì máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n rí i pé èrè àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọjọ́ 35 nínú ìwé kíkà àti ọjọ́ 29 nínú ìṣirò. Ti àwọn ọmọ Látínò náà ga. Ní ìpínlẹ̀ New York, èrè gbogbo ọmọ charter lápapọ̀ lé ní ọjọ́ 70 nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ìmọ̀wé, wọ́n rẹ̀yìn díẹ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, òbí tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú fo gbólóhùn yìí. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn charter orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ ti ń jókòó nílé níwájú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ pàdánù ọjọ́ 58 nínú ìwé kíkà àti ọjọ́ 124 nínú ìṣirò lọ́dún kan ṣoṣo. Ọjọ́ 124 ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ọdún ẹ̀kọ́ lọ. Bí ẹni pé ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ ilé ẹ̀kọ́ rárá ni. Ohio ní irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ECOT, ọ̀kan lára èyí tó tóbi jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ béèrè ẹ̀rí pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbowó lé lórí ń kàwé lóòótọ́, ẹ̀rí náà kò tó. Wọ́n ní kí wọ́n dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là padà, ilé ẹ̀kọ́ náà sì tì pa ní oṣù Kìíní ọdún 2018, láàárín sáà. Nǹkan bí 12,000 ọmọ ló bá ara wọn níta.

Ọ̀nà kejì ni mo gbà gbọ́ jù, torí pé kò sí àròjinlẹ̀ kankan nínú rẹ̀, gègé ni. Bí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ charter kan bá pọ̀ ju àyè tó wà lọ, òfin ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Ọmọ méjì, ìyá méjì tí àwọn méjèèjì jí ní kùtùkùtù, tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù kan náà: gègé mú ọ̀kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tó yà wọ́n. Bí máàkì wọn bá wá yàtọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ ló fà á.

Ìlú Boston ni wọ́n ti ṣe èyí tó lókìkí jù, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi Joshua Angrist àti Parag Pathak ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí tóbi gan-an. Èrè ìṣirò tí àwọn ọmọ tí gègé mú jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ àárín láàárín ọdún mẹ́ta tó láti pa ọ̀pọ̀ jù nínú àlàfo tó wà láàárín ọmọ dúdú àti ọmọ funfun rẹ́. Nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn tó dàgbà, wọ́n rí i pé máàkì wọn ga nínú SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, wọ́n sì ń wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin dípò kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà àti àwọn tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa náà jèrè níbẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí àròpín orílẹ̀-èdè tí mo sọ lókè. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts dìbò ní 2016 bóyá kí wọ́n fi kún iye charter, 62 nínú 100 ní rárá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí owó bá ń tẹ̀ lé ọmọ lọ, kí ló máa kù fún ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn yòókù wà? Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ọmọ márùn-ún bá kúrò nínú kíláàsì, iná mànàmáná kò dín, owó olùkọ́ kò dín, àmọ́ owó tó ń wọlé ti dín.

Ẹ má sì jẹ́ ká gba Boston bí ẹni pé gbogbo Amẹ́ríkà ni. Ìwádìí mìíràn tí iléeṣẹ́ Mathematica ṣe fún ìjọba àpapọ̀, tó jáde ní 2010, lo gègé bákan náà ní charter 36 ní ìpínlẹ̀ 15. Lápapọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí gègé mú àti ẹni tí kò mú. Àmọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù tó wà ní ìgboro jèrè, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ sì pàdánù. Nínú Massachusetts náà, àwọn charter tó wà lẹ́yìn odi ìlú kò ran ọmọ lọ́wọ́, àwọn kan tilẹ̀ fà wọ́n sẹ́yìn. Ó yẹ ká rántí pẹ̀lú pé ibi tí èrò pọ̀ sí nìkan ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé. Charter tí kò sẹ́ni tó ń dù ú kò sí nínú ìṣirò yìí, ó sì ṣeé ṣe kó ní ìdí tí kò fi sẹ́ni tó ń dù ú.

Kí ló wá wà nínú àwọn tó ń ṣe dáadáa? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Will Dobbie àti Roland Fryer, wọ inú charter 39 ní ìlú New York láti wò ó. Àwọn ohun tí àwa òbí máa ń kọ́kọ́ béèrè, bíi iye ọmọ inú kíláàsì kan, iye owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ, àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kò sọ ibi tí ọmọ máa bá a dé. Ohun tó sọ ọ́ ni pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń wọ kíláàsì lemọ́lemọ́ láti wo olùkọ́, kó sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un. Pé wọ́n ń fi ìdánwò kéékèèké mọ ohun tí kò yé ọmọ kó tó pẹ́. Pé lẹ́sìnnì wà fún àwùjọ kékeré lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀. Pé wákàtí ẹ̀kọ́ gùn. Àti pé wọ́n gbà lóòótọ́ pé ọmọ náà lè mọ̀ ọ́n. N kò rí ohun kan níbẹ̀ tí olùkọ́ àgbà kan ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Iléṣà ní ọdún 1960 kò ní mọ̀.

Nígbà náà ni Fryer ṣe ohun tí Shanker sọ ní 1988. Láti 2010, ó gbé nǹkan márùn-ún yìí wọ inú 20 ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Houston, lára àwọn tó ń gbẹ́yìn jù, láìsọ wọ́n di charter. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀gá àti nǹkan bí ìdajì àwọn olùkọ́, wọ́n fa ọjọ́ ẹ̀kọ́ gùn, wọ́n sì fún ọmọ kíláàsì kẹfà àti kẹsàn-án ní lẹ́sìnnì ìṣirò, olùkọ́ kan sí ọmọ méjì. Ìwé kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìṣirò gòkè débi tó fi jọ ti àwọn charter tó dáa. Ó náni lówó, kò sì rọrùn fún àwọn olùkọ́ tó pàdánù àyè wọn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èsì yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìdíje charter àti ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò lọ. Ọmọ tí gègé kò mú wà nínú rẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò gba fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Apá tó burú nínú charter tó dáa pàápàá yẹ kó di sísọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ìbáwí líle bẹ̀rẹ̀: rìn lórí ìlà, má sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó lé ọ lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan lórí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Àwa Yorùbá kì í sá fún ìbáwí, àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń lé sílé léraléra, òbí rẹ̀ á mú un kúrò nígbẹ̀yìn, ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò ló sì máa gbà á, torí pé òun kò lè kọ̀. KIPP, ẹgbẹ́ charter tí àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ méjì dá sílẹ̀ ní Houston ní 1994, ti yí padà lórí èyí: ní 2020, wọ́n jáwọ́ nínú gbólóhùn tó sọ wọ́n di olókìkí, "Work hard. Be nice.", wọ́n ní kò bá ìgbà mu fún àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n ń kọ́.

New Orleans ni ibi tí èrè àti àdánù ti jọ dì mọ́ra jù. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, ìpínlẹ̀ gba ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà, títí gbogbo rẹ̀ fi di charter pátápátá. Douglas Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tulane fi hàn pé máàkì gòkè púpọ̀, àwọn tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ sí i, àwọn tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pọ̀ sí i. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní 7,000 ni wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wọn, tí ilé tiwọn náà sì wà lábẹ́ omi. Ìwádìí kankan kò lè fi èyí kún máàkì tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Ní 2024, ìlú náà tún ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan tí àjọ ètò ẹ̀kọ́ ń darí fúnra rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Leah Chase, alásè tó lókìkí ní ìlú náà.

Ohun tó kù ni ohun tí ọmọ máa dà lẹ́yìn ìdánwò. Ìwádìí Mathematica ní 2023 fi hàn pé àwọn tó lo ilé ẹ̀kọ́ àárín àti ti gíga ní KIPP ń parí yunifásítì ju àwọn tí gègé kò mú lọ, ìyàtọ̀ náà tó 19 nínú 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dobbie àti Fryer wo owó tí àwọn tó ti jáde ní charter Texas ń gbà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rí i pé charter tó ga jù nínú ìdánwò fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan kún owó oṣù, àwọn tí kò dáa sì dín in kù. Texas ni àbúrò mi wà, mo sì sọ èyí fún un láìfi pamọ́.

Mo pè é padà ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní kó má béèrè bóyá ibẹ̀ jẹ́ charter. Kó lọ bá ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, kó béèrè pé nínú àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì karùn-ún lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló ṣì wà níbẹ̀ ní kẹjọ, níbo ni àwọn yòókù sì lọ. Kó béèrè ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ọmọ tí ìṣirò ò yé ń jókòó ti olùkọ́, àti iye ọmọ tó ń jókòó tì í. Kó béèrè ọdún tí ìwé àdéhùn charter náà máa parí, torí wọ́n lè tì í pa kí ọmọ tó jáde. Ó lọ sí méjèèjì. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò ló kọ́kọ́ dá òun lóhùn ìbéèrè lẹ́sìnnì, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, ọmọ mẹ́ta sí olùkọ́ kan, láti aago mẹ́ta ọ̀sán.